Mo ti sin ilẹ̀ bàbá tán, n ò mọ ẹnikẹ́ni: báwo lèèyàn ṣe ń ti ọwọ́ ojúlùmọ̀ rí iṣẹ́?

Àṣàkẹ́_Parakin kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ifẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, Ifẹ̀ náà ni mo ti kàwé, ní OAU. Maikirobáọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí, ni mo kọ́. Mo ti sin ilẹ̀ bàbá mi tán. Ní báyìí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì níléèwé aládàáni kan lọ́nà Lágere, owó tí wọ́n sì ń san kò tó owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Iṣẹ́ tí ọkàn mi ń fẹ́ ni ti láàbù ilé-iṣẹ́ oúnjẹ tàbí ohun mímu, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọjà wò kó tó dé ọwọ́ aráàlú.

Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti kéde iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mò ń kọ̀wé sí. Wọn kì í dá mi lóhùn, kódà wọn kì í sọ pé àwọn ò fẹ́. Bí mo bá sọ ọ́ nílé, ohun kan náà ni gbogbo èèyàn ń bi mí: "Ta lo mọ̀ níbẹ̀?" Bàbá mi, káfíńtà ni. Màámi ń ta aṣọ òkìrìkà ní Sábó. Kò sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ nínú ẹbí wa, kò sí olóṣèlú.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tí kò bá mọ èèyàn kò lè ríṣẹ́? Bó bá sì jẹ́ pé èèyàn lè wá ojúlùmọ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń wá a láì di alágbe, láì ta iyì ẹni? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá ẹni tó máa fi mí sípò o. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ mọ̀.


Òdodo_Ọ̀rọ̀ kọ:

Àbúrò, máa kọ̀wé rẹ lọ, má dá wọn lóhùn. Kọnẹ́ṣọ̀n yìí ló ba orílẹ̀-èdè wa jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ ní ibì kan, ó ṣe dáadáa, wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ìgbà tó débẹ̀ ló mọ̀ pé orúkọ àwọn tí wọ́n máa gbà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni. Omijé ló fi wọkọ̀ padà sílé. Bí a bá tún wá ń kọ́ àwọn ọmọ wa bí wọ́n ṣe ń wá ẹni mímọ̀, àwa náà là ń gbé ojúsàájú ró yẹn. Kí iṣẹ́ ọwọ́ ẹni sọ̀rọ̀ fún ẹni.


Ọmọ_Obòkun kọ:

Òdodo_Ọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n yín dùn mí, kò sì sí àlàyé kankan tó lè sọ ọ́ di ohun tó dáa.

Àṣàkẹ́, ọmọ Iléṣà ni mí, Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ka tó ń gba òṣìṣẹ́ ni mo sì wà. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ àwa tí à ń gbani síṣẹ́. Bí àyè kan bá ṣí sílẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ka kì í kọ́kọ́ ronú kan ìkéde. Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bi pé, "Ṣé ẹ ò mọ ẹnì kan tó lè ṣe iṣẹ́ yìí?" Kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́ ló ń fa èyí ní gbogbo ìgbà. Bí a bá fi ìkéde síta, ìwé á wọlé débi pé a ò ní lè kà á tán, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì jẹ́ ti àwọn tí kò ka ohun tí a kọ kí wọ́n tó fi tiwọn ránṣẹ́. Ẹ̀rù tún ń ba ọ̀gá yẹn. Bó bá gba ẹni tí kò mọṣẹ́, ọrùn rẹ̀ ló máa wà. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ tó fọkàn tán bá sọ pé, "Mo mọ ọmọbìnrin kan tó mọ iṣẹ́ láàbù, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kì í pa irọ́ nọ́ńbà," wọ́n á ka ìwé ọmọ náà. Níbi tí nǹkan bá ti tọ́, ibẹ̀ ni agbára ojúlùmọ̀ mọ: wọ́n á ka ìwé rẹ. Ìdánwò ṣì ń bẹ níwájú, mo sì ti rí ọ̀pọ̀ tí wọ́n dárúkọ wọn fún wa tí wọ́n fìdí rẹmi.

Ẹni tó sọ fún ọ pé àyè wà yàtọ̀ sí ẹni tó gba àyè ẹlòmíì fún ọ. Ti àkọ́kọ́ ni mò ń sọ.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kó o mọ̀, torí ọ̀rọ̀ bàbá rẹ àti màmá rẹ tó o sọ. Onímọ̀ àwùjọ kan ní Amẹ́ríkà, Mark Granovetter, wádìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ 282 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ nílùú Newton, nítòsí Boston. Ní 1973 àti 1974 ló tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde. Nǹkan bí 56 nínú 100 wọn ló ti ọwọ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ rí iṣẹ́. Ó wá bi àwọn kan nínú wọn pé báwo ni wọ́n ṣe máa ń rí ẹni náà sí. Nǹkan bí 17 péré nínú 100 ló ní àwọn ń rí i déédéé. Àwọn tó kù, ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, àwọn bí 28 nínú 100 sì sọ pé àwọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i rárá. Ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ń jẹ tí ẹ jọ ń mu, ohun tó o gbọ́ lòun náà gbọ́. Ẹni tó jìnnà sí ọ díẹ̀ ló ń gbọ́ ohun tí kò tíì dé Parakin. Torí náà, pé kò sí ọ̀gá nínú ẹbí yín kò tíì pa ọ́ lára tó bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́.


Bàbá_Ìjẹ̀ṣà kọ:

Ọmọ mi Àṣàkẹ́, o ò ní wáṣẹ́ tì, láṣẹ Èdùmàrè.

Àwọn bàbá wa òṣómàáló, wọ́n gbé aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n gbé e dé ilẹ̀ Tápà, wọ́n ń tà á láwìn fún ẹni tí kì í ṣe ará ilé wọn. Ọmọkùnrin tó bá fẹ́ wọ òwò yẹn kì í sábà lówó lọ́wọ́. Á tẹ̀lé ọ̀gá kan, á bá a ru ẹrù, á mọ abúlé tó wà lójú ọ̀nà, á mọ ẹni tó ń san gbèsè àti ẹni tó ń sá. Àwọn oníbàárà náà á mọ ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá á ka aṣọ lé e lọ́wọ́ pé kó lọ tà á fúnra rẹ̀. Bí bàbá tó bí mi ṣe wọ òwò náà nìyẹn. Kì í ṣe ọmọ olówó. Wọ́n kàn ti rí i lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí máa ń rò pé ojúlùmọ̀ ni ẹni ńlá tí ẹ ò tíì rí rí. Rárá o. Ta ló ti rí ọ níbi tó o ti ń ṣiṣẹ́ láàbù? Ta ló ti fi iṣẹ́ rán ọ tó o jẹ́ ẹ dáadáa? Kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lálẹ́ òní. Àwọn ni kó o kọ́kọ́ wá lọ.


Láàbù_Ifẹ̀ kọ:

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n. Láàbù yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí mò ń rí lọ́dọọdún lẹ sọ yẹn.

Àṣàkẹ́, o ti ṣe SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ nílé-iṣẹ́, àbí? Àti 1973 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ti dá ètò yẹn sílẹ̀, torí wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ń jáde ní yunifásítì láì tíì fọwọ́ kan iṣẹ́. Oṣù mẹ́fà lo fi jókòó sáàárín àwọn òṣìṣẹ́ tòótọ́. Ọ̀gá kan wà tó ń buwọ́ lùwé rẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Níbo ló wà báyìí? Ṣé o ti kí i rí láti ìgbà tó o ti kúrò níbẹ̀?

Ó máa ń dùn mí. Èmi ni mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lo ọ́tòkíléèfù tó ń fi ooru pa kòkòrò, bí wọ́n ṣe ń da ágà tí kòkòrò ń hù lórí rẹ̀ sínú àwo láì jẹ́ kí kòkòrò míì kó sí i. Bí wọ́n bá ti parí pírójẹ́ẹ̀tì, a ò tún fojú kan ara wa mọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ omi, ilé-iṣẹ́ oúnjẹ, àwọn ilé ìwòsàn aládàáni sì máa ń pe àwa tí a wà ní láàbù pé, "Ẹ bá wa wá ọmọ kan tó lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni mò ń dárúkọ, ẹni tó kí mi lóṣù tó kọjá ló sì sábà máa ń jẹ́. Kì í ṣe pé òun ló mọṣẹ́ jù. Mi ò kàn rántí àwọn tó kù, mi ò sì ní nọ́ńbà wọn mọ́.

Gbàgbé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fún ìgbà díẹ̀. Wá àwa tekinọ́lọ́jíìsì lọ, wá àwọn tó fi ọdún kan tàbí méjì ṣíwájú rẹ ní dípátímẹ́ǹtì, àti àwọn tí ẹ jọ jẹ́ àgùnbánirọ̀ tí wọ́n ti wọṣẹ́.


Àṣàkẹ́_Parakin kọ:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bí bàbá ṣe wí. Wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ọ̀gá mi ní SIWES ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, obìnrin ni wọ́n, wọ́n ṣe dáadáa sí mi. Ohun tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn nìyí, ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ń wáṣẹ́. Iṣẹ́ yòówù tó bá wà, mo lè ṣe é. CV mi nìyí. Ẹ ṣàánú mi mà, kí Ọlọ́run ṣàánú yín."


Olókùúta kọ:

Àbúrò, má tíì fi èyí ránṣẹ́.

Bó o ṣe ní "iṣẹ́ yòówù", ìwọ lo gbé ìrònú lé wọn lórí. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Bó o sì ṣe ní "ẹ ṣàánú mi", ó di pé wọ́n gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kí wọ́n tó lè dá ọ lóhùn. Bí wọn ò bá ní, ojú á máa tì wọ́n, wọ́n á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń kà sí ìgbéraga, ìtìjú ni nígbà míì. Ohun tí ẹni náà ní lọ́wọ́ ni kó o bèèrè, ìmọ̀ sì ni gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní.

Èmi náà, jíọ́lọ́jì ni mo kọ́ n'Ifẹ̀. Gbogbo wa la ti fẹsẹ̀ rin òkúta ilẹ̀ Iléṣà yẹn káàkiri nígbà ìkẹ́kọ̀ọ́, torí ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa òkúta tí wúrà máa ń wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìwakùsà bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ lápá Ìjẹ̀ṣà, pàápàá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wúrà ní Segilola ní 2021, gbogbo wa là ń kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ní Èkó àti Àbújá. Ta ló wá sọ fún mi pé àwọn kan ń gbẹ́ ilẹ̀ wò nítòsí, wọ́n sì nílò ẹni tó lè máa ka òkúta tí wọ́n bá gbẹ́ jáde? Awakọ̀ tó máa ń gbé wa lọ sí oko ìwádìí. Nọ́ńbà rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi, mo máa ń kí i lọ́jọ́ ọdún. Mo lọ bá ẹni tó ń darí iṣẹ́ níbẹ̀, mi ò bèèrè iṣẹ́. Mo bi í pé irú àkọsílẹ̀ wo ni wọ́n ń ṣe lórí òkúta wọn, mo sì fi èyí tí mo ṣe nígbà pírójẹ́ẹ̀tì mi hàn án. Ọ̀rọ̀ náà ò pẹ́ kó tó di iṣẹ́. Bí ò bá tiẹ̀ di iṣẹ́, ǹ bá ti mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó lọ́wọ́ mi.

Kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́, àwọn ọmọ ń kọ́? Àṣàkẹ́ ni mí, ọmọ OAU tó ṣe SIWES lọ́dọ̀ yín, èmi ni mo máa ń bá yín ka àwo láàárọ̀. Mo ti parí, mo sì ti sin ilẹ̀ bàbá. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ọjà nílé-iṣẹ́ oúnjẹ tàbí ohun mímu ni mo fẹ́ ṣe. Mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn yín mà: kí ni wọ́n máa ń wò jù lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kí ló sì yẹ kí n lọ kọ́ kún èyí tí mo mọ̀? Bí ẹ bá lè fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo lè pè yín nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ ṣeun mà."

Má fi CV mọ́ ọn. Àwọn fúnra wọn ló máa bèèrè rẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbà ọ́ nímọ̀ràn, lọ ṣe é, kó o padà wá jábọ̀ fún wọn. Ìjábọ̀ yẹn ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe, òun gan-an ló sì ń jẹ́ kí àgbà tún fẹ́ rán ọ sí ẹlòmíì.


Ìyá_Ìbejì_Iléṣà kọ:

Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ mi sọ èyí tí ẹ ò lè sọ. Àṣàkẹ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ní "wá, jẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́" ló ní iṣẹ́ lọ́kàn. Ọ́fíìsì ni kó o ti pàdé wọn, lọ́sàn-án gangan. Bí kò bá sí ọ́fíìsì, ibi tí èrò wà. Sọ fún ẹnì kan nílé ibi tó ò ń lọ àti orúkọ ẹni tó o fẹ́ rí. Ẹni tó bá ní òtẹ́ẹ̀lì lòun wà, má dá a lóhùn mọ́, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀gá tó. Àwọn ọmọbìnrin tí mo mọ̀ tí wọ́n kọ irú rẹ̀ ò kú sínú àìríṣẹ́.

Ẹni tó bá sì ní kó o san owó fọ́ọ̀mù, owó aṣọ iṣẹ́, owó "àwọn tó wà lókè", kí wọ́n tó gbà ọ́, ìwọ gan-an ni iṣẹ́ tí onítọ̀hún ń ṣe jẹ.

Má gbàgbé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde iléèwé gíráámà rẹ o. Níbi ìpàdé wa, ìyá tó jókòó tì mí tí a jọ ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ọmọ rẹ̀ ló ń bójú tó láàbù níbì kan. Ọdún mélòó la ti jọ ń jókòó, mi ò mọ̀!


Akin_Mayfair kọ:

Kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu kan LinkedIn, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń mọ ara wọn, ó sì wúlò bí dátà bá wà. Bó o bá débẹ̀, lọ sí ojú ìwé OAU, tẹ ibi tí wọ́n kọ Alumni sí. Wàá lè wá àwọn tó jáde ní OAU nípa ìlú tí wọ́n wà, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n wà àti ohun tí wọ́n kọ́. Wá maikirobáọ́lọ́jì, wàá rí àwọn ẹ̀gbọ́n tó o ò mọ̀ pé o ní. Kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sí wọn bí Olókùúta ṣe kọ ọ́ yẹn, kí orúkọ Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀. Sójú ìwé tìrẹ, má kọ "ẹni tó ń wáṣẹ́" sábẹ́ orúkọ rẹ. Ohun tó o lè fọwọ́ ara rẹ ṣe ni kó o kọ.

Ìwádìí ńlá kan tún wà tó jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń pè ní Science ní 2022, orí LinkedIn ni wọ́n ti ṣe é fún ọdún márùn-ún, lórí àwọn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 20. Ó ti ọ̀rọ̀ Granovetter lẹ́yìn: àwọn tí a mọ̀ díẹ̀ ló ń mú wa rí iṣẹ́ tuntun ju àwọn tó sún mọ́ wa pẹ́kípẹ́kí lọ.


Òdodo_Ọ̀rọ̀ kọ:

Akin, mo ka nípa ìwádìí yẹn náà, ẹ ò sì sọ ọ́ tán. Wọ́n rí i pé níbi tí iṣẹ́ orí ẹ̀rọ ayélujára ò bá ti pọ̀, àwọn tó sún mọ́ni pẹ́kípẹ́kí ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ilé-iṣẹ́ oúnjẹ tí Àṣàkẹ́ ń wá, lójú tèmi, apá ibẹ̀ ló wà.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì gbà pé kí èèyàn kí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ kì í ṣe ojúsàájú. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òdodo. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ni ní yunifásítì ti mọ gbogbo àwọn tekinọ́lọ́jíìsì yẹn láti kékeré, ó ń pè wọ́n ní Áńkù. Ọmọ àgbẹ̀ láti Ifẹ̀tẹ̀dó máa kọ́kọ́ wá owó ọkọ̀ tó máa fi lọ kí wọn. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ bá ń ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ wọn nìkan wá èèyàn, irú àwọn kan náà ni wọ́n á máa gbà títí. Kí ni kí ọmọ àgbẹ̀ yẹn ṣe?


Ọmọ_Obòkun kọ:

Òótọ́ lẹ sọ, mi ò sì ní bá yín jiyàn lórí rẹ̀. Níbi tí mo wà, èmi àti ọ̀gá mi ti fa ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé bí a bá tiẹ̀ ní orúkọ mẹ́wàá lọ́wọ́, a gbọ́dọ̀ kéde síta, ìdánwò kan náà ni gbogbo wọn á sì ṣe láì sí orúkọ lórí ìwé. Àwọn tí a ò mọ̀ rí máa ń wọlé lọ́nà yẹn. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń ṣe é, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wà nípò gbígbani síṣẹ́ tí ẹ ń ka èyí lọ ṣe é.

Ní ti ọmọ àgbẹ̀, SIWES àti ìsìnrúùlú ni wọ́n fún òun náà. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un ni pé àwọn èèyàn tó bá pàdé níbẹ̀ ṣe pàtàkì bíi sátífíkéètì. Ó yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́ fún wọn láti ọdún kejì ní yunifásítì.


Àṣàkẹ́_Parakin kọ:

Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ti fi ránṣẹ́, bí Ẹ̀gbọ́n Olókùúta ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Màdáàmù ò dá mi lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Àná ni wọ́n fúnra wọn pè mí! Wọ́n rántí mi. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn kò gba èèyàn báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ àwọn kan ní Ìbàdàn ń bójú tó láàbù tí wọ́n ti ń yẹ omi wò, kí n lọ rí wọn kí wọ́n mọ̀ mí. Wọ́n ní kí n gé CV mi sí ojú ìwé kan. Wọ́n tún ní ó yẹ kí n mọ HACCP àti ISO 22000, àwọn ìlànà ààbò oúnjẹ, kí n sì máa ronú ìdánwò IPAN. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnì kan máa sọ ohun tó kù fún mi gan-an, inú mi dùn débi pé mi ò lè sùn.

Àwọn kan ń polówó ẹ̀kọ́ HACCP lórí WhatsApp, owó rẹ̀ sì ga sí mi. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?


Láàbù_Ifẹ̀ kọ:

Inú tèmi náà dùn, Àṣàkẹ́. Kọ́kọ́ lọ Ìbàdàn. Má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni.

HACCP, ọ̀nà tí wọ́n fi ń wo gbogbo ibi tí ewu ti lè kó sí oúnjẹ kí wọ́n tó parí ṣíṣe rẹ̀ ni, àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún oúnjẹ àwọn tó ń lọ sí òfúrufú. ISO 22000 wá ní 2005, wọ́n tún un ṣe ní 2018. O lè ka ìpìlẹ̀ méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì débi pé wàá lè dáhùn bí wọ́n bá bi ọ́. IPAN ni àjọ àwọn tó ń yẹ oúnjẹ, omi àti oògùn wò, òfin 1992 ló dá a sílẹ̀. Iyì ìdánwò wọn pọ̀ ní láàbù, ṣùgbọ́n ó gba owó àti àkókò, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọṣẹ́. Bi ẹni tó o fẹ́ lọ rí pé èwo nínú sátífíkéètì wọ̀nyí ni wọ́n ń béèrè lọ́dọ̀ wọn, ibi tí wọ́n sì ti ń gba ojúlówó rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wàá mọ ibi tó yẹ kí owó rẹ lọ.

Bó o bá ń lọ, mú ìwé àkọsílẹ̀ SIWES rẹ dání, èyí tí Màdáàmù ń buwọ́ lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n á fẹ́ rí bó o ṣe ń kọ èsì sílẹ̀. Kó o sì pe Màdáàmù nígbà tó o bá dé.